Ẹsẹ̀ Ẹ̀hìnlànwò Lórí Iyanrìn

“Ẹ̀hìnlànwò, jáde.”

Ẹ̀rọ ló ń pè é. Mo wà nínú ilé, mo di igbá ẹja mú. Mi ò lè gbé e sílẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo kàn dì í mú ni. Ojú ihò ara pákó ni mo ti ń yọjú wò wọ́n. Akàn-irin ni wọ́n, àwọn tó máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn létí òkun, tí wọn ò ga ju orúnkún èèyàn lọ, tí ẹsẹ̀ wọn kì í dá ihò sí iyanrìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gba àdúgbò wa kọjá. Tòní yàtọ̀. Wọ́n ti tò yí ilé wa ká, wọ́n dúró jẹ́ẹ́.

“Ẹ̀hìnlànwò, jáde. Ẹsẹ̀ rẹ kọjá okùn.”

Ohùn náà kò le. Ohùn ẹ̀rọ kì í le ní Ahọ́n, ilẹ̀ iyanrìn wa yìí, nítorí àwọn ẹyẹ. Òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, pé irú ohùn tí èèyàn fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni wọ́n fi ń pe èèyàn síta.

Ọkọ mi kò sì lè jáde. Ọkọ mi ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí èmi àti Ìyá Bámitálẹ́, aládùúgbò wa, nìkan ló mọ̀ ní gbogbo Ahọ́n. Ibà ló pa á. Àwa méjèèjì la wọ́ ọ, tí à ń sinmi, tí à ń tún un wọ́, títí a fi sin ín sí ṣóńṣó Ahọ́n, níbi tí iyanrìn ti tẹ́ẹ́rẹ́, tí òkun wà lápá ọ̀tún tí ọ̀sà wà lápá òsì. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ náà wà. Àwọn ẹyẹ kò tíì dé nígbà yẹn. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ẹnubodè, níbi tí àwọn aṣọ́ ẹyẹ wà. Bí olórí ilé kan bá kú ní Ahọ́n, wọ́n á fa òpó ilé rẹ̀ tu, wọ́n á kó ẹni tó bá kù lọ sí Ilé Gíga ní òkè ọ̀hún. Ẹ lọ wo ibi tí ilé àwọn Ajínijà wà tẹ́lẹ̀. Iyanrìn ti bo ihò òpó wọn. Ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dáná níbẹ̀ rí.

“Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa.”

Ohùn èèyàn nìyẹn. Mo ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọ̀túndé ni, olórí àwọn aṣọ́ ẹyẹ. Ọmọ òkè ni, oòrùn wa ti bó o nímú. Ó mú pátákó pẹlẹbẹ kan dání, èyí tí wọ́n máa ń ní kí èèyàn dúró lé kí wọ́n lè mọ ẹni tó jẹ́.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá,” mo ní.

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n… wọn ò sí nílé.”

Akàn-irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tún un gbé sílẹ̀. “Ooru ara ẹnìkan ṣoṣo ló wà nínú ilé,” ó ní.

“Ẹ rí i, ó jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yín,” ni Ṣọ̀túndé wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ibo wá ni wọ́n wà?”

Mo ń wo pátákó náà. Ṣọ̀túndé tẹ etí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì tàn sílẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà mi. Mo rí ojú ẹsẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, bàtà ọ̀tún àti bàtà òsì, ìdákọ̀ró tí apá rẹ̀ kan ṣẹ́ wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Àmì ọkọ mi ni. Gbogbo wa la ní tiwa lábẹ́ bàtà. Ìkarahun ni tèmi. Ẹnubodè ló fún wa, kí iyanrìn lè mọ̀ wá, torí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ní ojú. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n fi dígí sí wọn lára, nítorí dígí máa ń kọ mànà nínú oòrùn, á sì lé ẹyẹ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ẹsẹ̀ nìkan.

“Láàárọ̀ yìí ni, nígbà tí òkun fà sẹ́yìn,” Ṣọ̀túndé ní. “Bàbá kọjá okùn, wọ́n rìn lọ tààrà sí ṣóńṣó. Gbogbo onífìlà ló fò. Ẹ ò gbọ́ ariwo wọn ni?”

Mo gbọ́. Abẹ́ wọn gan-an ni mo wà.

Onífìlà là ń pe àwọn ẹyẹ náà, torí ara wọn funfun, ṣùgbọ́n orí wọn dúdú láti iwájú títí dé ìpàkọ́, bí ẹni tó dé fìlà tí kò sì fẹ́ ṣí i. Lórí iyanrìn lásán ni wọ́n ń yé ẹyin sí, kò sí ìtẹ́, kò sí koríko. Ẹyin náà jọ iyanrìn débi pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kó tó rí i. Wọ́n ní kò sí ibòmíràn mọ́ tí wọ́n ti ń yé ní gbogbo etíkun wa. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń wá láti òkè, tí wọ́n ń wọ bàtà rírọ̀ tí kò lámì, tí wọ́n ń dúró lẹ́yìn okùn, tí wọn kì í pàtẹ́wọ́. Bí nǹkan bá dùn mọ́ wọn, ọwọ́ ni wọ́n máa ń jù lókè, wọ́n á máa mì í. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó rò pé omi ló ń gbé wọn lọ.

Èmi ni mo wọ bàtà ọkọ mi.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Bí ọkùnrin bá kú, aya rẹ̀ á máa wọ bàtà rẹ̀ lọ sétí omi ní ìdájí, títí oṣù míì á fi lé tí á sì wọ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ òkú kò mọ̀ pé ó ti parí, kí èèyàn jẹ́ kó rìn kó rẹ̀ ẹ́. Tí mo bá dé ibi tó wà, mo máa bọ́ bàtà náà, mo máa fi há abíyá, mo máa gba inú omi padà láìwọ bàtà. Wọn kì í jẹ́ kó bá èèyàn padà wálé. Mo ti ń ṣe é kí àwọn ẹyẹ tó dé. Nígbà tí wọ́n dé, tí Ẹnubodè ta okùn, ó yẹ kí n dúró. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé iyanrìn tó bá ṣì tutù kì í ríran. Bàbá wa máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n sáré lọ nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, kí n padà kó tó gbẹ.

“Ọ̀gá,” mo ní, “ṣé kì í ṣe pé… iyanrìn tútù, ṣé ó máa ń mọ ẹsẹ̀ ni?”

“Láti ìgbà òjò la ti tún un ṣe. A kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ní Ẹnubodè.”

Mo ti rí pátákó náà. Mi ò kàwé lọ títí. Mo rò pé wọ́n ń kí àlejò káàbọ̀ ni.

Ṣọ̀túndé lóṣòó síwájú mi. Mi ò fẹ́ràn kí ẹni òfin lóṣòó síwájú mi, torí ó máa ń fẹ́ rí ojú èèyàn dáadáa ni. “Ìyá wa, kì í ṣe ẹjọ́ tó le. Ìgbà ẹyin kan ṣoṣo ni, ní Ilé Gíga. Bí ẹyẹ bá ti kó ọmọ wọn lọ, Bàbá á padà wálé. Ẹ ṣáà pè wọ́n kí wọ́n wá dúró lórí pátákó yìí.”

“Bí ẹ ò bá rí wọn ńkọ́?”

“Àwọn wọ̀nyí á wá wọn.” Ó fi àgbọ̀n juwe àwọn akàn-irin. “Ẹsẹ̀ wọn lọ sí ṣóńṣó, kò padà. Èyí ni pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bóyá wọ́n ti gbẹ́lẹ̀, wọ́n ti sá pamọ́ sínú iyanrìn.”

“Wọ́n á… wọ́n á gbẹ́ ibẹ̀?”

“Wọ́n á gbẹ́ ẹ títí wọ́n á fi rí èèyàn.”

“Ẹyin ńkọ́, ọ̀gá? Nínú oòrùn yìí? Tí ìyá wọn ò bá lè balẹ̀?”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Òfin ló ní kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀. Òfin náà ló ní kí a wá ẹni tó bá débẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ kéde la máa ń ṣe.” Ó dìde. “Nítorí àwọn ẹyẹ yẹn ni wọ́n ṣe ń da iyanrìn sí Ahọ́n, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹyin wọn ò bá di ọmọ lọ́dún yìí, àwọn ará òkè á pa ẹ̀rọ oníyanrìn, òkun á sì jẹ Ahọ́n. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lè dá àwọn akàn yìí dúró títí omi á fi máa kún. Ẹ lọ bá mi wá Bàbá, ẹ jọ̀wọ́.”

Ẹ̀rọ oníyanrìn ń kùn lábẹ́ omi lápá ìlà oòrùn, bó ṣe máa ń kùn tọ̀sán-tòru. A kì í gbọ́ ọ mọ́, ó ti mọ́ wa létí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, òun nìkan ni mò ń gbọ́.

* * *

Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Bámitálẹ́ gbà wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Àgbà ni, ó ti sin ọkọ, ó ti sin ọmọ, bí òfin tilẹ̀ wà, ilé rẹ̀ ṣì dúró, torí òun fúnra rẹ̀ ni olórí ilé. Bó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó máa ń jẹ́ pé ó ń tutọ́ sí èèyàn létí.

“Ìbídùn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọkùnrin yìí náà! Nígbà tó wà láyé, kì í dáhùn tí èèyàn bá pè é. Ó tún kú tán, wọ́n ń fi ẹ̀rọ pè é.”

“Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, Ìyá Bámitálẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ta ni ẹ̀rù ò bà? Ẹ̀rín ni mo fi ń mú ìtọ̀ mi dúró.” Ó jókòó lórí àpótí. “Sọ pé wọ́n jí bàtà.”

“Ta ni kí n ní ó jí i?”

“Àlejò.”

“Àlejò wo ló fẹ́ fi bàtà rírọ̀ sílẹ̀ kó wọ tiwa?”

“Ó dáa, sọ pé èmi ni. Kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe?”

“Wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín wá gbà á.”

Mo rí i pé òun náà ń rò ó lọ, tó ń rò ó bọ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ òótọ́,” mo ní. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́. Láti òru tí a sin ín ni òótọ́ yẹn ti ń yún mi lẹ́nu.

“Kí o ní ó ti kú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wọ́n á ní kí o fi òkú hàn.” Ó fà mí lápá. “Gbọ́ mi. Wọ́n á ní níbo? O ó ní ní ṣóńṣó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí á lọ síbi kan náà, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ kan náà. Ẹyẹ á lọ. Wọ́n á wú Ẹ̀hìnlànwò síta lójú àlejò bí iṣu. Wọ́n á tún wá tú ilé yìí. Kí lo wá fi òótọ́ rà?”

Níta, akàn-irin kan ń pè lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ara onítọ̀hún kò yá. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà náà. Ó wà lábẹ́ ibùsùn níbi tí mo tì í sí, ó ṣì tutù. Mi ò fẹ́ wò ó. Èrò tó wá sọ́kàn mi, mi ò fẹ́ kó wá.

“Ìyá Bámitálẹ́. Àbúrò yín, Lájùwọ̀n. Kí ni wọ́n ṣe fún un ní Ilé Gíga?”

Gbogbo wa la mọ Lájùwọ̀n. Wọ́n mú un nítorí pé ó pariwo nígbà ẹyin, ejò ló bù ú jẹ. Ìgbà ẹyin kan ṣoṣo ló lò lọ́hùn-ún, wọ́n dá a padà, kò ní àpá kankan lára. Ṣùgbọ́n kì í fẹsẹ̀ kan iyanrìn mọ́. Orí pákó tó wà níwájú ilé rẹ̀ ló máa ń dúró sí láti àárọ̀. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, á máa wá ẹni tí à ń pè.

“Kò sọ,” ni Ìyá Bámitálẹ́ wí. “Mo bi í títí. Ó ní wọ́n ṣe òun dáadáa. Ó ní oúnjẹ pọ̀.” Ló bá rí ibi tí mò ń wò. “Ìbídùn. Má dán an wò.”

“Àwọn ẹ̀rọ yẹn ò lójú.”

“Ṣọ̀túndé lójú!”

“Mo mọ̀.”

“Bó bá sọ ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ méjì lo máa rù, tìẹ àti ti òkú.”

“Mo mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á fún mi.” Mo fa bàtà náà yọ, mo wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè ti ọ̀já rẹ̀ bọ ihò. Òun ló bá mi dè é níkẹyìn. Ó kúnlẹ̀, ó ń bú mi bó ṣe ń dè é, ó ní olóríkunkun ni mí, ó ní ará ilé wa kò lọ́gbọ́n. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìka ẹsẹ̀ mi.

* * *

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti ń lọ. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún, àwọn akàn-irin sì ti tò lọ síbi okùn, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ẹ̀yìn wọn ń dán. Ní òdìkejì okùn, àwọn onífìlà ti balẹ̀ padà. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe jókòó, kálukú na ìyẹ́ díẹ̀ bo ẹyin rẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ nítorí ooru. Àlejò ti kún ẹ̀bá okùn. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹnìkan ṣẹ̀.

Mo fẹ́ kígbe pé kí àwọn ẹ̀rọ náà dúró. Èèyàn kì í kígbe níbẹ̀. Mo sáré. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sáré nínú bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ. Mo ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀.

“Ṣé ara eré ni èyí?” obìnrin àlejò kan bi ẹnìkejì rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Bóyá àwọn ni wọ́n máa ń jó.”

“Wọn ò sọ pé ijó wà.”

Ẹni kan lára wọn sì gbé ọwọ́ sókè, ó ń mì í fún mi.

Akàn-irin àkọ́kọ́ ti gbé ẹsẹ̀ lé orí okùn. Ṣọ̀túndé dúró tì í, pátákó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò kí i. Mo mọ̀ pé bí mo bá lanu, ohun tí mi ò fẹ́ sọ ni mo máa sọ. Mo gun orí pátákó náà, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, mo di ojú mi.

Ó pẹ́. Tàbí kò pẹ́, mi ò mọ̀.

“Ẹ̀hìnlànwò,” ni pátákó náà wí.

Gbogbo àwọn akàn-irin dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà lórí okùn kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì rékọjá.

Mo la ojú. Ṣọ̀túndé ń wò mí. Ó wo orí mi, ó wo ìró tí mo ró, ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo rí ìgbà tó yé e. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀.

“Ìyá wa,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, “Bàbá dà?”

“Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, ọ̀gá.”

“Ṣé wọ́n ti…” Kò parí rẹ̀. Ó wo ọ̀nà ṣóńṣó. Ó wo bí ojú ẹsẹ̀ ṣe lọ síbẹ̀ tí kò padà. Òógùn ń ṣàn lára imú rẹ̀ tó bó. “Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ní kí n ṣe?”

“Mi ò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan.”

“Bí wọ́n bá mọ̀, èmi náà kò ní rí òkè gbé.”

Ẹ̀rù ń bà á. Mi ò rò ó rí pé ẹ̀rù lè ba irú wọn. Kò tù mí nínú rárá. Ṣe ló tún dá kún tèmi, torí ẹni tẹ́rù ń bà lè ṣe ohunkóhun.

“Ìbéèrè,” ni akàn-irin tó wà lórí okùn wí, bí ẹni ń kọrin fún ọmọ. “Ṣé ẹni náà la ti rí, àbí kí a máa wá a?”

Onífìlà kan dìde lápá ibẹ̀, ó yí po lókè orí wa, ó ké kíkan, ó tún balẹ̀. Àlejò mì ọwọ́. Ṣọ̀túndé tẹjú mọ́ ibi tó balẹ̀ sí.

“A ti rí i,” ó ní.

Akàn-irin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn.

* * *

Ọkọ̀ Ẹnubodè kò ní awakọ̀. Wọ́n mú mi jókòó sórí àga kan tó tutù, wọ́n ní kí n má bọ́ bàtà. Ṣọ̀túndé kò bá mi wọ̀ ọ́. Ó dúró létí omi, kò juwọ́, kò sì lọ.

Ọkọ̀ náà kò tíì ṣí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá. Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló dà bíi pé ó wà.

“Ẹ̀hìnlànwò, ara rẹ dá?”

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi.

“Ara mi dá,” mo ní.

“Ìwọ ni olórí ilé?”

“Èmi ni.”

“Ta ló kù sílé?”

“Ìyàwó mi.”

“Orúkọ rẹ̀?”

Mo wá orúkọ náà. Ọlọ́run ló gbọ́, mo wá a, mi ò rí i. Bí ẹni pé wọ́n ti mú un lẹ́nu mi nígbà tí mo gun pátákó. Ọkọ̀ ń dúró dè mí, kò bínú, ó kàn ń kùn lábẹ́ bàtà.

“Ìbídùn,” mo ní.

“Ṣé ó wà láàyè?”

Láti ibi tí mo jókòó, mo rí ilé wa. Obìnrin kan tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, ó ń gbá iyanrìn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń rìn kiri bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ìyá Bámitálẹ́ ni. Bàtà mi ló wọ̀. Kò gbà á. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ sẹ́yìn, àmì ìkarahun mi sì wà káàkiri iwájú ilé náà, tuntun, jíjìn.

“Ẹ̀hìnlànwò,” ni ọkọ̀ náà wí, “ṣé ìyàwó rẹ wà láàyè?”

“Ó wà láàyè,” mo ní. Ọkọ̀ bá ṣí.